Ọwọ́ Òsì Tí Mo Bá Wí: Àkọsílẹ̀ Ohun Tó Ṣe Ìgbọ̀nwọ́ Ọmọ Mi

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, nílé wa ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, ìyá mi ní kí ọmọ mi bu omi wá fún òun. Ọmọ náà bu omi, ó tẹríba, ó sì fi ọwọ́ òsì na ife náà sí màmá àgbà. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ọ nílé yìí pé òsì ni wọ́n fi ń fún àgbà ní nǹkan. Ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì," ó pààrọ̀ ọwọ́, ife náà sì gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi dà sórí ìró ìyá mi. Mo tún bá a wí nítorí omi tó dà. Ọmọ ọdún 12 ni. Ìgbà 129 ló ti ju bọ́ọ̀lù nínú eré bésíbọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, egungun ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti ń là sọ́tọ̀ níbi tó ti ń dàgbà. Èmi kò mọ̀. Ìwà àfojúdi ni mo rí.

Mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kíkún nítorí pé àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣe bésíbọ́ọ̀lù kò pọ̀ láàárín wa, àwọn tó sì wà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí eré náà lè ṣe sí ara ọmọdé. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò rí i bó ṣe ń tiro. Ìpalára tí mò ń sọ yìí kì í tiro. Ó lè wà lára ọmọ fún oṣù kan tàbí méjì kí ojú àgbà tó tó o, pàápàá bí ọmọ náà bá mọ̀ pé inú àwọn àgbà ń dùn sí ohun tí òun ń ṣe.

Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan, tó kọ́ eré náà nígbà tó wà ní yunifásítì, ló ń kó àwọn ọmọ jọ lẹ́yìn ilé-ìwé, lórí pápá kan tí òkúta ńlá yọ gọngọ sí ní igun rẹ̀, bí ó ti máa ń rí ní ìlú tó jẹ́ pé abẹ́ òkúta gan-an la tẹ̀dó sí. Eré náà kì í ṣe àjèjì pátápátá ní Nàìjíríà, nítorí wọ́n ṣe é nínú ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wáyé ní Àbújá ní ọdún 2003. Síbẹ̀, kíríkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ àwọn aládùúgbò wa ń pè é títí di òní, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé. Ní kúkúrú, ẹnì kan dúró sórí òkìtì kékeré láàárín pápá, ó ń ju bọ́ọ̀lù sí ọ̀tá tó di igi mú, ọ̀tá náà sì gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún kí ó tó lè sáré yí bésì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn àwọn ibùdúró tó wà lórí pápá, ká. Ìlànà Little League, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Williamsport, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1939, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ń tẹ̀ lé. Abala 6 ni àwọn ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí ọmọ mi nígbà náà máa ń ṣe, dípò 9 tí àgbàlagbà ń ṣe; nínú abala kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ bàtà 60 ló wà láàárín bésì kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 46 sì ni ajubọ́ọ̀lù fi jìnnà sí ẹni tó fẹ́ gbá a. Àwọn ọmọ 9 ló wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè dúró pẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó yà sọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ajubọ́ọ̀lù kò ní ìsinmi. Láti ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀, ojú gbogbo èèyàn sì wà lára rẹ̀.

Iṣẹ́ bàtà ni mò ń ṣe, ìsọ̀ mi wà lójú ọ̀nà Ìtòkú, níbi tí òórùn aró àwọn aládìrẹ ti ń bá wa jókòó láti àárọ̀. Bọ́ọ̀lù gan-an ló kọ́kọ́ fà mí wọnú eré yìí. Ilẹ̀ olókúta wẹ́wẹ́ tètè ń ya awọ rẹ̀, tuntun sì wọ́n, nítorí náà akọ́nimọ̀ọ́gbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn tó ti ya rán ọmọ mi sí mi. Mo tú ọ̀kan palẹ̀ kí n lè mọ inú rẹ̀. Kóòkì ló wà láàárín gbùngbùn, òwú tí wọ́n wé le dáadáa yí i ká, awọ méjì tí wọ́n gé bíi nọ́ḿbà 8 sì gbá ara wọn mọ́ra lókè. Òwú pupa tí wọ́n fi ìda pa ni wọ́n fi ran awọ méjèèjì pọ̀. Mo ka ojú ìrán náà: 108 ni, méjì-méjì. N kò tíì rí iṣẹ́ awọ kan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rán tó bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́, ọmọ mi á jókòó sórí àpótí níwájú mi, á fi ọwọ́ méjèèjì di bọ́ọ̀lù mú, èmi á máa fi òlu lu ojú ihò, mà á sì máa fa òwú.

Ibi tí mo ti rí i pé ó ń dàgbà nìyẹn. Nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 9, gbogbo ìka rẹ̀ ló fi ń di bọ́ọ̀lù mú, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí bí ẹni di ọsàn mú. Nígbà tó fi pé ọdún 11, ìka mẹ́ta ló ń lò. Ní ọjọ́ kan láàárín ọdún kejìlá, mo gbójú sókè láti inú iṣẹ́, mo rí i tó gbé ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín lé orí ìrán náà ní ìdábùú, àtàǹpàkò wà nísàlẹ̀, àlàfo sì wà láàárín bọ́ọ̀lù àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí mo lè ki òlu mi sí. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ kó wá wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n sọ ọ́ di ajubọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ wọn.

Láti ìgbà náà, n kò pa eré kan jẹ mọ́. Mo ń ti ìsọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ohun tí n kò ṣe rí nítorí ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ níbí: ohun tí mò ń wò ni iye àwọn tó gbá afẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀. Bí ẹni tó di igi mú bá gbá afẹ́fẹ́ nígbà mẹ́ta, ó jáde, ọmọ mi á sì yíjú wò mí. Mo mọ iye gbogbo àwọn tó lé jáde ní sáà yẹn lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè iye ìgbà tó jù ú kó tó lé wọn jáde, n kò lè dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ó ju bọ́ọ̀lù ní Ọjọ́rú nínú eré kan. Ní Sátidé, eré méjì ló wà, ọ̀kan ní òwúrọ̀, èkejì ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wá láti ìlú mìíràn. Nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù mẹ́ta tó wà nínú ẹgbẹ́, ọ̀kan bá àwọn òbí rẹ̀ lọ síbi òkú, èkejì ní ibà. Ọmọ mi ju gbogbo abala 6 ti òwúrọ̀, wọ́n borí. Mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, mo bá a nu orí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá wo apá ibi tí mo jókòó sí, èmi ni mo kọ́kọ́ ké pé, "Kóòṣì, ó lè ṣe é!" Ó tún ju abala 4. Ní abala kẹta, bọ́ọ̀lù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè ju ibi tó yẹ lọ, ó sì ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù lẹ́yìn ìjù kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí omi wà níka rẹ̀. Mo rò pé òógùn ló ń gbọ̀n.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ti ife omi. Ní ọjọ́ Àìkú, ó fi ọwọ́ òsì gbé Bíbélì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá rẹ̀ bá a níwájú dígí tó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo jà pẹ̀lú bọ́tìnnì ẹ̀wù ilé-ìwé, omijé sì wà lójú rẹ̀. Ó ní kó na apá ọ̀tún. Apá náà kò nà tán. Ó tẹ ìgbọ̀nwọ́ náà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ara, ọmọ mi sì kígbe tí gbogbo ilé fi jí.

Ìyá mi fẹ́ kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ teegunteegun kan tí wọ́n mọ̀. N kò ní kẹ́gàn iṣẹ́ wọn, torí pé lọ́wọ́ wọn ni ìyá mi fúnra wọn ti dìde rìn lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ṣubú, kò sí ohun tó kọ lù ú, èyí sì ni kò yé mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí a kọ́kọ́ ya fọ́tò egungun. Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní kí wọ́n ya ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì, kì í ṣe ọ̀tún nìkan, ó sì gbé àwòrán méjèèjì kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú iná. Ó fi bírò tọ́ka sí kókó egungun kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ inú. Ní apá òsì, ìlà tó wà láàárín kókó náà àti egungun apá tín-ín-rín. Ní apá ọ̀tún, ìlà náà fẹ̀ sí i. Kò fẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú mi tó ti mọ bí a ṣe ń wo ojú ìrán rí i kíá.

Àlàyé rẹ̀ nìyí bí mo ṣe gbọ́ ọ. Egungun ọmọdé kò tíì di odindi. Àwọn iṣan tó ń tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀ so mọ́ kókó náà, eegun rírọ̀ tó ń dàgbà lọ́wọ́ ló sì wà láàárín òun àti apá. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fi tipátipá ju bọ́ọ̀lù ni iṣan ń fa kókó yìí. Bó bá fà á díẹ̀, tí ó sì sinmi, ara á tún un ṣe. Bó bá ń fà á láìsinmi, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nípò. Ó ní àgbàlagbà tó ń ju bọ́ọ̀lù náà máa ń ní ìpalára ní ìgbọ̀nwọ́, débi pé ní ọdún 1974, dókítà kan tó ń jẹ́ Frank Jobe ní Los Angeles gba iṣan láti apá kejì ajubọ́ọ̀lù olókìkí kan, Tommy John, ó sì fi rọ́pò okùn tó so egungun mọ́ egungun, èyí tó ti já ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ọmọdé, eegun rírọ̀ yìí ló máa ń kọ́kọ́ gbà fún ìrora, nítorí pé kò lágbára tó okùn tó so egungun mọ́ egungun. Mo mọ ohun tó ń sọ. Bí mo bá lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà, tí gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ, tí ẹnì kan sì wá ń fà á, awọ kọ́ ni yóò ya. Ojú ibi tí mo lẹ̀ ni yóò ṣí.

Ó ní kó má ju ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ 6, ì báà ṣe òkúta sí máńgòrò, kí ẹnikẹ́ni má sì fa apá náà tàbí kó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi gbà. Wọ́n ń fi òrí ra apá náà ní alaalẹ́ láìtẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Ọkọ mi, ọwọ́ rẹ á padà." N kò rò pé oògùn kan ṣe é lóore ju ìyẹn lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá. Inú mi kò dùn, mo sì ti múra ọ̀rọ̀ líle sílẹ̀. Ó gbé ìwé kan jáde, ìwé tí ọmọ kan máa ń fi tò ó bí eré ṣe ń lọ, tí àmì tóótòòtó kọ̀ọ̀kan dúró fún ìjù kan. Ní gbogbo ìgbà yẹn, iye náà wà nínú ìwé, kò sí ẹni tó rò ó pọ̀. A jókòó sórí òkúta, a kà á: 71 ní òwúrọ̀, 58 ní ìrọ̀lẹ́. Ní Ọjọ́rú, 64. Little League ti fi iye sí i láti ọdún 2007. Ọmọ ọdún 11 sí 12 kò gbọ́dọ̀ ju ìgbà 85 lọ lóòjọ́. Bó bá ju láti 51 sí 65, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni yóò fi sinmi, bó bá sì tó 66, ó di ọjọ́ mẹ́rin. Nítorí 64 ti Ọjọ́rú nìkan, kò yẹ kí ọmọ mi dé orí òkìtì náà rárá ní Sátidé. Ó yẹ kó jókòó.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá pa ìwé náà dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ òfin ọ̀hún. Mo ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní òfin ọ̀hún. Mo wo ojú ọmọ náà, mo rò pé kò rẹ̀ ẹ́." Ó bẹ̀ mí. Ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀, n kò ní fi bò ó, nítorí pé òun ni àgbà tó mọ iye náà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ líle tí mo múra sílẹ̀ kò jáde, nítorí mo rántí ohùn tó ké "ó lè ṣe é" láti orí àga.

Ọ̀sẹ̀ 6 náà gùn fún un. Ó ń ti ilé-ìwé bọ̀ sí ìsọ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì di awọ fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, tí òjò sé wa mọ́, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá sọ pé ó ti ń dun òun láti bí oṣù kan, àmọ́ tó bá di òwúrọ̀ ó máa ń rọlẹ̀. Ó tún dákẹ́, ó ní: "Dádì, bí mo bá ń jù ú, ẹ máa ń dìde dúró. Bí wọ́n bá fi mí sí ibòmíràn, ẹ máa ń jókòó."

N kò rí èsì kankan fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ife omi, mo dárúkọ ife omi gan-an, nítorí pé n kò fẹ́ kó rò pé ẹ̀bẹ̀ gbogboogbò lásán ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ìró màmá ti gbẹ.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ máa to ìwé àwọn àmì náà. Ó ń jókòó ti akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ ọ́, nítorí dókítà kò ka bírò léèwọ̀, ó sì ń kọ àròpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ewé lẹ́yìn abala kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó padà sórí pápá, bésì kejì ni wọ́n fi í sí, níbi tí jíjù ti kúrú. Ó kọ́kọ́ rí lójú rẹ̀ bí ìyà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló sọ ìtàn Gift Ngoepe fún un, ọmọ South Africa tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kan ní Randburg, tó jẹ́ pé nínú yàrá kan níbẹ̀ ni wọ́n ń gbé, tó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Áfíríkà tí yóò ṣeré nínú líìgì àgbà ti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Pittsburgh Pirates, ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Bésì kejì ló dúró sí lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ti kú kí ọjọ́ náà tó dé. Ọmọ mi bi mí léèrè bóyá ìyá náà máa ń dìde dúró. Mo ní mo rò pé inú ilé ìdáná ló ti máa ń gbọ́ ariwo.

Èmi náà ń dìde dúró báyìí tó bá wà ní bésì kejì. Kò rọrùn, nítorí ó lè jẹ́ wákàtí kan kí bọ́ọ̀lù tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì ti ń dùn mí, ṣùgbọ́n mò ń dúró. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù láti orí òkìtì, ìgbà 15 ní ọjọ́ kìíní. Ó ti pé ọdún 13. Apá náà nà tán.

Ní Sátidé kan láìpẹ́ yìí, ó wà nídìí ìwé àmì nígbà tí àwọn kékeré ń ṣeré. Ọmọ ọdún 9 kan ló ń jù ú, ó mọ̀ ọ́n jù, bàbá rẹ̀ sì wà lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń ké. Ní àárín abala karùn-ún, ọmọ mi dìde, ó kọjá ìlà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì ṣí ìwé náà níwájú rẹ̀. Ó ti pé 75, òpin tí òfin fi sí i lóòjọ́ fún ọmọ ọdún 9. Bàbá ọmọ náà pariwo pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ẹnì kan péré ló kù kó lé jáde. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ìwé, ó wo bàbá náà, ó sì gbé ọwọ́ sókè kí eré dúró. Ọmọ mi ló lọ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ kékeré náà. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó ń wò ó.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi í léèrè ohun tó ń wò.

Ó ní, "Mo fẹ́ mọ ọwọ́ tó máa fi gbé e fún mi ni. Ọ̀tún ni."